Èémí Inú Wáyà

Ọmọ Ìwó ni Hajarah. Kò ga, kì í pariwo, àmọ́ bó bá dáwọ́ lé nǹkan, àfi kó parí ẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ òun yìí, bí òwú bá ta kókó lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní já a, yóò jókòó tì í títí kókó náà yóò fi tú fúnra rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, Muqtadir, wá sí Johannesburg, ìwé tó kà nílé kò rí iṣẹ́ kankan bá a wá. Kò jókòó sunkún. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì nínú fúláàtì wọn ní Joubert Park, ó sì ń bá àwọn ará wa tó wà ní Hillbrow tẹ ìwé ìwáṣẹ́, ó ń bá wọn fi ímeèlì ránṣẹ́ sílé, ó ń bá àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì wá ibi tí wọ́n máa wọlé sí. Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Ímeèlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ nígbà náà.

Marlow Court ni wọ́n ń pe ilé tí wọ́n ń gbé. Ilé gíga ni, ó sì ti dàgbà. Láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́lá ló ń gbé ibẹ̀. Bó o bá wo òkúta dídán tí wọ́n tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, wàá mọ̀. Ṣùgbọ́n kí Hajarah tó débẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè ti kú, àtẹ̀gùn sì ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kejìlá bá wọlé, ilé náà á dá wáí. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ á ti kó ẹrù wọn, wọ́n á ti lọ lo ọdún ní abúlé bàbá wọn. Ìró ẹsẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo lórí àtẹ̀gùn á máa dún bíi tẹni mẹ́wàá.

Wáyà tẹlifóònù kan wà lára ògiri fúláàtì náà nígbà tí wọ́n gbà á. Onílé ní kí wọ́n máa lò ó. Wọn ò ra tẹlifóònù kankan mọ́ ọn, torí pé kálukú ló ní sẹ́lùfóònù tiẹ̀ lọ́wọ́. Módẹ́mù nìkan ni wọ́n so mọ́ ọn, àpótí dúdú kékeré báyìí tí iná pupa máa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, òun ló ń pe ìńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ìṣòro kan ló ní: bí Hajarah bá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́sàn-án, ìlà á kàn já, láìnídìí. Muqtadir ní wáyà tó ti gbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Hajarah gbà, á tún pè é padà, á máa bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti débẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2009, Muqtadir gbé díìsìkì Windows tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún náà wálé. Ó ti ń wù ú tipẹ́. Ọ́fíìsì kan ní Fourways ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń darí ọkọ̀ akẹ́rù, ibẹ̀ ló ti rí i lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá wọn tó ń dán gbinrin. Ó fi ṣe kọ̀ǹpútà ìyàwó rẹ̀ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo nǹkan lọ geere, àfi módẹ́mù. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ohun tí wọ́n so mọ́ òun yìí rí.

"Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn mọ́ ni," Muqtadir sọ. "Ó ní ètò kékeré kan tó máa ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Dráífà ni wọ́n ń pè é. Ti àtijọ́ ò bá tuntun mu. Màá wá òmíràn lọ́la."

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó wá a lọ sí Hillbrow, ó sì rí i. Ó fi í sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnnì, àwọn méjèèjì sì ta gìrì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń lo módẹ́mù náà, kò sọ̀rọ̀ rí. Ètò ti àtijọ́ ti pa á lẹ́nu mọ́. Tuntun yìí là á lẹ́nu. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ húnnn, ohùn tó máa ń dún létí ẹni béèyàn bá gbé tẹlifóònù. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń han bí irin tí wọ́n ń fi irin họ. Muqtadir rẹ́rìn-ín.

Hajarah ò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ gbọ́ yẹn?"

"Èwo?"

"Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹnì kan wúkọ́."

"Ariwo wáyà ni."

"Wáyà kì í wúkọ́."

Muqtadir já ìlà náà, ó tún un pè, bóyá kó lè fi hàn án pé kò sí nǹkan kan. Húnnn. Nọ́ńbà ń lọ ní méjì, ní mẹ́ta. Nǹkan kan dún tá, bí ẹni ṣí ìdérí. Lẹ́yìn náà, nínú àpótí dúdú kékeré yẹn tó wà lórí tábìlì láàárín wọn, ẹnì kan fa èémí sínú, fàà, bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán. Igbe irin bò ó mọ́lẹ̀. Muqtadir já ìlà náà.

"Wáyà ẹlòmíì ló kan tiwa," ó sọ. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àtijọ́. Màá wá bí mo ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́."

"Ẹ fi sílẹ̀," Hajarah sọ. "Bó bá jẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀, ó sàn kí n máa gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Ajé, Muqtadir wọ taxi lọ sí Fourways. Ó ku Hajarah nìkan pẹ̀lú módẹ́mù rẹ̀. Ó ní ímeèlì tó gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ náà, kò sì sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ó tẹ bọ́tìnnì. Húnnn. Tá. Ẹni náà wúkọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn bá wọ ilé tí kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé òun yọ́ wọlé. Nígbà kejì, orin ló gbọ́. Ẹnì kan ń kùn ún, orin tó falẹ̀, ní èdè tí Hajarah ò gbọ́ rí. Ó dẹ́kun bí igbe irin ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, ìlà já bó ṣe máa ń já. Ìgbà yìí ni ọkàn Hajarah ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìlà tó ti ń já láti ọjọ́ yìí wá, ṣé wáyà ló ń já a ni, àbí ọwọ́ ẹnì kan?

Ó fi ìborùn rẹ̀ bo módẹ́mù náà mọ́lẹ̀. Ó ka Ayatul Kursiyyu sí i. Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀kùn Ìyá Láyọ̀.

Fúláàtì Ìyá Láyọ̀ ló kọjú sí tiwọn. Àánúolúwapọ̀ lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Èkìtì ni, aláṣọ funfun paraku, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Marlow Court tí kò mọ̀. Hajarah mú un wá sí fúláàtì tirẹ̀, ó ní kó jókòó, ó ṣí ìborùn, ó tẹ bọ́tìnnì. Húnnn. Tá. Fàà. Ìyá Láyọ̀ dìde dúró.

"Ìyàwó wa, yọ ọ́ kúrò lára iná."

"Mọ́mì, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn."

"Mo ní yọ ọ́. Òyìnbó kan ló ń gbé fúláàtì yín yìí kẹ́ ẹ tó dé. Kò kó jáde, gbígbé ni wọ́n gbé e jáde. Ilé yìí ò tíì jẹ́ ká gbàgbé àwọn tó ni ín." Ó lọ gbé omi àdúrà wá, ó wọ́n ọn sí igun yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fẹ́ wọ́n ọn sí módẹ́mù náà, Hajarah fi ọwọ́ bò ó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pè é lọ sí Hillbrow, kò fọwọ́ kan módẹ́mù náà. Àmọ́ lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tó kí ìrun ọ̀sán tán, ó jókòó tì í. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ń retí húnnn. Húnnn kò dún. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé tẹlifóònù ò dún, pé òun ò lè pe ẹnikẹ́ni. Nínú módẹ́mù, láìsí ariwo kankan tó bò ó, èémí ń lọ. Kì í ṣe bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Ó gùn, ó ń ha, ó sì ń pẹ́ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Láàárín èémí kan àti òmíràn, nǹkan kan ń dún: kọ́. Á dákẹ́. Kọ́.

Ó pe Muqtadir lórí sẹ́lùfóònù.

"Wọ́n ní tẹlifóònù ò dún," ó sọ fún un. Kò dárúkọ èémí.

Muqtadir ń bá iṣẹ́ lọ, ohùn ọkọ̀ ńlá ń bú lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kó yọ módẹ́mù kúrò nínú ètò kọ̀ǹpútà, kó tún un fi sí i. Ó ṣe é. Kọ̀ǹpútà kí i káàbọ̀ bí àlejò, àmọ́ tẹlifóònù ò dún. Kọ́. Muqtadir ní kó so ó mọ́ ojú ihò mìíràn lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ó ṣe é. Kọ́. Ó ní ibì kan wà tí wọ́n ti máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó dúró de ìró tẹlifóònù kó tó tẹ nọ́ńbà, kó yọ àmì tó wà níbẹ̀ kúrò, kó lè máa tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Hajarah yọ ọ́. Módẹ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà sínú òkùnkùn ibẹ̀, bó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kíkàn náà yára: kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Bó ṣe dákẹ́ ni òun náà dákẹ́.

Ó yé Hajarah pé ohun tó wà níbẹ̀ ti gbọ́ òun.

"Ó ku kan," Muqtadir sọ. "Yọ módẹ́mù kúrò pátápátá. Wá tẹlifóònù gidi, so ó mọ́ ògiri, gbé e sétí. Bí kò bá dún létí rẹ, kọ̀ǹpútà ò mọwọ́ mẹsẹ̀, wáyà ni."

Hajarah jókòó sórí àga náà. Ohun tó bọ́ sí i lọ́kàn ni ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìwó, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú nígbà tí òun wà ní kékeré. Ìyá yẹn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ń fẹ́ omi, ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń kan igi ibùsùn, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá. Hajarah ló máa ń gbọ́ ọ. Àwọn tó kù á máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó fetí sí módẹ́mù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rù ò kúrò lára rẹ̀, àmọ́ ó yí padà nínú rẹ̀, ó di ẹ̀rù mìíràn. Ohun tó bá ń kan nǹkan báyìí, ó ń fẹ́ nǹkan ni. Òkú kì í fẹ́ omi.

Ìyá Láyọ̀ ní tẹlifóònù kan tó ti pa tì. Ó gbé e fún un, ó sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Hajarah so ó mọ́ ògiri, ó gbé e sétí. Èémí náà wá sún mọ́ ọn gan-an, bí ẹni tó fẹnu lé e létí.

"Ta ni yẹn?" Ó rántí, ó tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ kan án lẹ́ẹ̀mejì."

Ó pẹ́ títí.

Kọ́. Kọ́.

"Jésù mi," Ìyá Láyọ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

Hajarah bi í pé níbo ló wà. Kò sí èsì. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Èémí nìkan ló gbọ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Níta, ojú ọ̀run ti ṣú bó ṣe máa ń ṣú nílùú yẹn lọ́sàn-án ìgbà ooru wọn, àrá sì sán. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ń ta pó, pó, lára gíláàsì fèrèsé Hajarah, kò le. Ṣùgbọ́n létí rẹ̀, nínú tẹlifóònù, ariwo kan ya lulẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá da òkúta sínú agbada. Yìnyín kan náà ni. Bí tibí bá dínkù, tọ̀hún a dínkù. Bí tibí bá le, tọ̀hún a máa bú.

"Páànù," Hajarah sọ. "Abẹ́ páànù ló wà. Mọ́mì, níbo ni páànù wà nínú ilé yìí?"

Ìyá Láyọ̀ gbójú sókè wo àjà.

Lórí òrùlé Marlow Court, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ Johannesburg, àwọn yàrá kéékèèké onípáànù wà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sí nígbà tí aláwọ̀ dúdú ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn nísàlẹ̀. Hajarah ò gbé tẹlifóònù náà kalẹ̀ síbi tó yẹ. Ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì bẹ́ẹ̀, ó jáde. Ìyá Láyọ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ pe sikiọ́ríìtì tó wà ní géètì. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé wọn, ó ń ráhùn bó ti ń gùnkè.

"Kò sẹ́nì kankan lókè," ó sọ. "Mádálà nìkan ló ń gbébẹ̀, ó sì ti lọ sílé ní Venda. Ó dágbére fún mi lọ́jọ́ Ajé."

Gbogbo ilé mọ Mádálà. Bàbá arúgbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Micah lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń gbá ilé náà láyé àwọn òyìnbó, nígbà tí wọ́n lọ, kò sẹ́ni tó lé e jáde, ló bá dúró. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Hajarah ti kí i lórí àtẹ̀gùn láìmọye ìgbà.

Yìnyín ti funfun lórí òrùlé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ágádágodo níta. Inú ni wọ́n ti tì í. Sikiọ́ríìtì fi èjìká gbá a, ó gbá a títí ó fi já.

Àpò ìrìnàjò wà lórí ibùsùn, ó ti dì í tán, fìlà rẹ̀ wà lórí àpò. Bàbá Micah wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, apá rẹ̀ ọ̀tún kú sábẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹlifóònù dúdú àtijọ́ kan, èyí tí kò tilẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí, ti já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ife onípáànù kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, òun ló fi ń kan ilẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo wọn.

"Eish, Mádálà," sikiọ́ríìtì sọ, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Sikiọ́ríìtì fẹ́ fún un lómi. Hajarah dá a dúró, ó rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyá ìyá rẹ̀ kí omi má baà há a lọ́fun. Ó ki ìborùn rẹ̀ bọ omi, ó fi ń rin ètè bàbá náà díẹ̀díẹ̀. Ìyá Láyọ̀ kúnlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Nígbà tí sikiọ́ríìtì ti ń pe àńbúláńsì, Hajarah mú etígbọ̀ọ́ tẹlifóònù nílẹ̀ kó lè gbé e padà. Kò mọ ìdí tó fi kọ́kọ́ gbé e sétí.

Ó gbọ́ fúláàtì tirẹ̀. Ó gbọ́ aago ara ògiri tí ọkọ rẹ̀ rà. Ó gbọ́ kọ̀ǹpútà tó ń hùn. Ó gbọ́ yìnyín tó ń ta sí fèrèsé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àti ìdákẹ́jẹ́ yàrá tí kò sí òun nínú rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ kíákíá. 

Sikiọ́ríìtì ló ṣàlàyé fún wọn lórí àtẹ̀gùn. Máníjà ilé ló ń gbé fúláàtì Hajarah nígbà kan, wáyà kan sì lọ láti ibẹ̀ sí yàrá agbálẹ̀ lórí òrùlé, kí máníjà lè pè é nígbàkigbà. Máníjà kú, kò sẹ́ni tó gé wáyà náà; etígbọ̀ọ́ òkè tó já bọ́ ni kò jẹ́ kí tìsàlẹ̀ dún.

Bàbá Micah ò kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rofhiwa, wá láti Venda, ó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù. Ẹsẹ̀ bàbá náà mókun díẹ̀, ọ̀rọ̀ ò padà wá. Lọ́jọ́ kan tí Hajarah àti Muqtadir lọ kí i, Rofhiwa mú Hajarah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni nǹkan tó ń ké nínú tẹlifóònù?" ó bi í.

Hajarah ní àwọn ni.

"Bàbá máa ń sọ ọ́ fún wa nílé. Ó ní lọ́sàn-án, agogo tẹlifóònù òun á dún tín-ín báyìí, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bóun bá gbé e, nǹkan kan á máa ké nínú rẹ̀, á ké bí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ní òun máa ń wúkọ́ sí i, tàbí kí òun kọrin fún un, kó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ó sì máa ń dákẹ́."

Hajarah wo bàbá náà lórí ibùsùn. Ìlà tó ń já, tí wọ́n ti ń bú láti ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀, òun ló ń já a, ó rò pé òun ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni. Hajarah jókòó tì í, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú títí wọ́n fi ní kí àlejò máa lọ.

Rofhiwa gbé e lọ sílé nínú oṣù Kejì. Muqtadir gé wáyà òrùlé, ìlà ò sì já mọ́. Iṣẹ́ Hajarah ń yá sí i, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà òtútù kó tó lè tẹ bọ́tìnnì náà kó má dúró díẹ̀, kó fetí sílẹ̀. Lóṣù Kẹfà ọdún 2010, tí ìlú kún fún ariwo bọ́ọ̀lù, ó gun òrùlé lọ sá aṣọ. Obìnrin kan ti gba yàrá Bàbá Micah, ó ń fi ọṣẹ fọ ilẹ̀. Hajarah bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní Serifat, láti Ìṣẹ́yìn, kò tíì mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Hajarah gbé agbọ̀n aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kó gba nọ́ńbà òun, kó sì fún òun ní tirẹ̀, kí àwọn tó máa kí ara wọn dáadáa.